Ọlọ́lá Kọ Oúnjẹ

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Kò jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé.

Mo ṣe é bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe máa ń ṣe é gan-an. Mo yọ eku kan nínú fìríìjì, mo rì í sínú abọ́ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ara rẹ̀ fi dẹ̀, mo fi ẹ̀mú gígùn mú un nírù, mo kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì sọ ohun tí ó máa ń sọ — "Ọlọ́lá, oúnjẹ yín ti dé o." Ó wò mí. Ó yọ ahọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún ki orí bọ àárín ara rẹ̀. Mo dúró títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó yá, mo lọ da eku náà nù.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí orí mi má baà dàrú. Ìyàwó mi, Ẹlẹ́rìn-ín, kú lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, Ọjọ́bọ̀, nídìí àpò ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pa ààrò. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la fi yan búrẹ́dì nínú rẹ̀, kò kú ju ọjọ́ kan lọ rí. Mi ò tíì tún un dá. Mi ò mọ̀ bóyá mo máa tún un dá. Ọlọ́lá jẹun lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìsìnkú. Láti ìgbà náà, kò fẹnu kan nǹkan kan mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ló ni ejò yìí. Ayálégbé kan tó gba yàrá òkè ló kó lọ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn tó fi í sílẹ̀ — òjòlá kékeré kan nínú àpótí gíláàsì, kò gùn ju apá mi lọ nígbà náà. Mo ní ká pe ẹni tó máa wá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọlọ́lá ni eléyìí: kì í ṣiṣẹ́, kì í pariwo, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń jẹun, wọ́n á sì gbé e wá bá a níbi tó sùn sí. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ilé búrẹ́dì tó ní ejò nínú! Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, a ò bá ti pa ilẹ̀kùn dé tipẹ́. A gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, lórí pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ lóde àfi Atúnbàtàṣe tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Atúnbàtàṣe yà wọlé, bàtà ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó wo inú gíláàsì lókèèrè — ọkùnrin náà kì í sún mọ́ ọn. Ó ní, "Oníbúrẹ́dì, ejò tí kò jẹun, ìyẹn náà lo fi ń kárísọ? Èyí tó bá ń jẹ èèyàn ni ká máa sá fún." Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó mi ni.

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, pé ajá bàbá òun náà ṣe é, ẹsẹ̀ ibùsùn bàbá náà ló dùbúlẹ̀ sí títí tó fi kú. Inú mi dùn nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun ìtìjú ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Kò yọjú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun. Ẹlẹ́rìn-ín ti fi bírò pupa kọ tàtẹ̀yìnwá sára kàlẹ́ńdà: kílò kan ààbọ̀. Báyìí, kílò kan àti ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé òṣùwọ̀n ló ń purọ́. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń hàn. Ó tutù lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ejò ṣá ni, ara ejò a máa tutù.

Aago méje, Adájọ́ pè. Adájọ́ ni ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to fáìlì ilẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń dá ẹjọ́ fún gbogbo ilé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè láti ìgbà tí ejò ti kọ oúnjẹ. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ó ti jẹun?" Mo ní rárá. "Ó dáa." Ó gé e.

Ó dáa! Kí ló dáa níbẹ̀?

Kò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Omijé kan kò bọ́. Ó ń to àga. Ó ń wo àwọn tó wá, ó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kan kí a lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rí i. Gbogbo èèyàn rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbé Ọlọ́lá lé itan fún bíi wákàtí kan. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Mo rán an létí ọjọ́ tó jáde nínú àpótí tí a wá a títí, tó jẹ́ inú agbada ìpò-ìyẹ̀fun la ti bá a, tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹ̀rín jókòó sílẹ̀ pọ̀ọ̀, tó ní "ẹ wò ó, ó ti ń kọ́ṣẹ́." A da gbogbo ìyẹ̀fun ọjọ́ yẹn nù. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń dà á nù.

Kò sẹ́lòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé "ẹ mọ́kàn le." Ejò kì í sọ ìyẹn. A jọ jókòó, a jọ dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Adájọ́ wá di ẹrù ìyá rẹ̀. Ó ń ṣa aṣọ bí ẹni ń ṣa fáìlì: èyí fún ẹni báyìí, èyí fún ẹni báyìí, èyí kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ó kan aṣọ iṣẹ́, èyí tí ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ìyẹ̀fun ṣì wà lápò rẹ̀. Adájọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó ká a mẹ́rin, ó fi lé orí èyí tí kò ṣeé wọ̀ mọ́.

Nǹkan kan já nínú mi. Mo ní, "Ejò tó wà ní yàrá yẹn ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ jù ẹ́ lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Bàbá, ejò ò mọ nǹkan kan." Mo ní ó kéré tán, ó mọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Ó mú báàgì rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni. Ó kọjá lára mi, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi. Ó ní "ó dàbọ̀, sà." Sà! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n káàkiri ìdí ààrò.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ó yí orí kúrò.

Mo fi ọwọ́ ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Mo ní kí n fi tipátipá ti eku náà wọlé. Ó wé mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, kò tiẹ̀ lágbára mọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ju ṣíbí náà sọnù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ — ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, lórí eékún, níwájú ejò. Mo ní bó o bá kú, ta ló kù tó máa bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rò pé kò ní pè. Aago méje géérégé. "Ṣé ó ti jẹun?" Rárá. "Ó dáa." Kò kí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Adájọ́ fún Atúnbàtàṣe. Mo rò pé ó máa gbè mí. Ó ń fi oje lẹ ìsàlẹ̀ bàtà kan, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà." Mo ní kó sọ ọ́ kó yé mi. Ó ní ó ti yé mi. Ó ní àwọn méjì ni kí n pè lónìí, dókítà ẹranko àti ọmọ mi.

Dókítà ni mo pè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Dókítà dé. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju Adájọ́ lọ. Ó bọ́ bàtà òjò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́, ó gbé Ọlọ́lá bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó rí ọgbẹ́ tí mo dá sí i lẹ́nu. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fipá bọ́ ọ mọ́. Ẹ má sì máa gbé e lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi." Ó ní ejò tí òtútù bá mú kì í jẹun, torí bó bá jẹun, oúnjẹ náà á rà sí i níkùn ni. Ejò náà mọ̀, ló ṣe ń kọ̀ ọ́.

Ó béèrè bí ooru àpótí náà ṣe rí. Mo ní pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná gbóná, iná pupa rẹ̀ rèé tó ń tàn. Ó ní, "Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án?"

Èmi! Mo ní ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń na ọwọ́ yìí sẹ́nu ààrò láti mọ ooru tó yẹ búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ò jiyàn. Mo wá sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ó wò mí pẹ́. Ó ní ohun tó wà nínú ejò, òun ò lè sọ. Ohun tó wà nínú àpótí lòun lè sọ. Bó bá fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i báyìí, kò dá òun lójú pé ó máa yè é.

Mi ò sìn ín jáde. Ìwà burúkú ni mo hù sí ọmọ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fọwọ́ kàn án.

Ó tutù. Iná pupa ń tàn, pẹlẹbẹ náà sì tutù bí ilẹ̀ balùwẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún un kì, mo dúró. Òtútù. Mo fọwọ́ ti ògiri tó wà lẹ́yìn àpótí. Ìyẹn náà tutù. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ògiri yẹn kò tutù rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ààrò wà.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Mo pe Adájọ́ níbi iṣẹ́. Mo ní ìgbà wo ni pẹlẹbẹ Ọlọ́lá ti kú. Ó ní á tó ọdún mẹ́ta. "Mo ra òmíràn fún Màmá, wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n ní ògiri ti tó ó." Mo pariwo pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ta ló rò pé ẹ lè pa ààrò?"

Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní kò sí. Mo gé e.

Aago méje, ó tún pè. Ó yára béèrè, ó yára lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Igi wà nílẹ̀. Ìṣáná wà lápò mi. Mo jókòó ti ẹnu ààrò láti àárọ̀, mi ò ṣá a.

Kí n sọ òtítọ́, ìwé yìí kò kúkú lẹ́nu. Mi ò fẹ́ dáná. Bí mo bá dáná tó bá jẹun, a jẹ́ pé òtútù ni. A jẹ́ pé kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà tí mo gbé e lé itan tí mo rò pé àwa méjì ni, èmi nìkan ni. Mo fẹ́ kó máa kọ oúnjẹ. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé mo fẹ́ kó jẹun, mo ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá ti yí orí kúrò, ara mi a balẹ̀ díẹ̀. Ẹranko tí ebi ń pa. Irú èèyàn wo ni mí?

Nígbà tó di aago méjì, mo lọ wò ó. Ó tún ká sí igun tó sún mọ́ ògiri jù, ó ti imú mọ́ gíláàsì níbẹ̀. Ibi tó máa ń gbóná. Ọ̀sẹ̀ méje ló ti ń ti imú mọ́ ibẹ̀, mo sì ń pè é ní ìbànújẹ́.

Mo lọ dáná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó mú. Èéfín kún gbogbo ilé. Mo sunkún, mo dì í ru èéfín. Nígbà tó gbóná dáadáa, mo ju ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan sí i láti fi mọ ooru rẹ̀, mo ka èèkà, ó pọ́n bó ṣe yẹ. Mi ò yan búrẹ́dì kankan. Atúnbàtàṣe sáré sọdá wá pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. "Ṣé búrẹ́dì ti dé ni?" Mo ní rárá, ejò ni mò ń dáná fún. Ó wo iná, ó wò mí. Ó ní, "Ọlọ́lá lóòótọ́." Ó bá mi kó igi díẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ògiri ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ó jẹun.

Mi ò kan gíláàsì, mi ò sọ nǹkan kan. Orí rẹ̀ ti wà lókè kí n tó dé. Ẹ̀mú kò tíì dé àárín àpótí tó fi já lu eku náà. Ó wé e, ó fún un, ó yanu sí i, ó gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó mì í tán, ó tún yọ ahọ́n, bí ẹni tó ń béèrè pé èkejì ńkọ́.

Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ó máa yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ ọ fún ọdún mẹ́jọ kú, ó sì jẹun lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ni. Kò rò ó rí. Òtútù ló mú un.

Mi ò dúró di aago méje. Àforíjì wà lọ́rùn mi. Mo pe ọmọ mi. Mo ní ó ti jẹun. Mo ní ara rẹ̀ ló tutù láti ọjọ́ yìí, ooru ààrò ló ń gbé e ró, kì í ṣe ọ̀fọ̀ rárá. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lọ́jọ́ yẹn kò dáa, kò tiẹ̀ tún jẹ́ òótọ́, má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀. Mo rò pé ara máa tù ú.

Mo gbọ́ tó fa èémí sínú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Adájọ́ ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún kékeré, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó ní, "Ẹ̀ bá má sọ fún mi, Bàbá. Ẹ̀ bá má sọ fún mi."

Ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí òun ń pè, bí mo bá ti ní rárá, òun á lè sùn. Ó ní ẹkún kò wá níbi ìsìnkú. Òun dúró dè é, kò wá, òun rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́ lára òun. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, nǹkan kan wà nínú ilé ìyá òun tó ń bá òun ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bú òun, òun lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn kí òun tó lọ. Láti Ọjọ́bọ̀ tí mo béèrè ọ̀rọ̀ pẹlẹbẹ ni òun ti fura. Òun ò fẹ́ béèrè ni.

Mo gbé fóònù mọ́ etí. Mi ò ní kó dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó rọlẹ̀, ó fọn imú. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé òtútù nìkan ni?"

Mo wo Ọlọ́lá. Ikùn rẹ̀ wú níbi tí eku dé, ó na ara rẹ̀ gbalaja ti ògiri, ó ti sùn. Ó dá mi lójú. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì sí ohun tó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé kò dá mi lójú.